Bàálù tí ilẹ̀ gbé dìde kò tíì fò: Ohun tí páílọ́ọ̀tì kan là yé ìyá rẹ̀ n'Ítòkú

Ẹni tó bá ti wọ bàálù rí nílẹ̀ wa yìí mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí táyà ẹ̀ bá ti kan ilẹ̀ báyìí. Àwọn èrò á bú sí àtẹ́wọ́. Kristẹni á ní "Ẹ yin Jésù," Mùsùlùmí á ní "Alhamdulillah," ẹni tí kò sì la ẹnu sọ̀rọ̀ láti Àbújá á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lórí fóònù pé òun ti dé o. Òyìnbó tó bá wà láàrin wọn á máa wò wọ́n pé kí ló dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ yẹn ò ṣàṣejù. Bí kò tiẹ̀ lè ṣàlàyé ẹ̀, ó mọ̀ pé ìgbà méjì lọ̀rọ̀ bàálù máa ń le jù: ìgbà tó bá fẹ́ẹ́ kúrò nílẹ̀, àti ìgbà tó bá fẹ́ẹ́ padà sílẹ̀. Bó bá ti wà lókè tó ń lọ jẹ́jẹ́, ṣebí àwọn èèyàn á máa sùn ni, wọ́n á máa jẹun.

Ìyá kan wà n'Ítòkú, l'Abẹ́òkúta, tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n. Àdìrẹ ló ń ṣe. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tó ti ń ti ọwọ́ bọ aró, ó sì ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún báyìí. Àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ ẹ̀ ń wá láti Èkó, wọ́n ń wá láti Ìbàdàn, àwọn mí-ìn tún ń wá láti Kútọnu. Ọmọ méjì ló bí. Èyí ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin, lọ sí Zaria, nílé ẹ̀kọ́ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1964 láti máa kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, páílọ́ọ̀tì ló sì ń ṣe jẹun. Èyí àbúrò, obìnrin, wà ní London pẹ̀lú ọkọ ẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan? Ìyá páílọ́ọ̀tì ni, ṣùgbọ́n kò wọ bàálù rí, ó sì ti búra pé òun ò ní í wọ̀ ọ́ láyé òun.

Ohun tó fà á ò ṣòro láti mọ̀. Lálẹ́ Sátidé, ọjọ́ 22, oṣù kẹwàá, ọdún 2005, bàálù Boeing 737 ti ilé iṣẹ́ Bellview gbéra n'Íkẹjà, Àbújá ló ń lọ. Ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ló já lábúlé Lísà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn níbí. Èèyàn 117 ló wà nínú ẹ̀, ẹyọ ẹnì kan ò yè é. Lọ́jọ́ kejì gan-an ni ìròyìn tún dé láti Spain pé Stella Ọbásanjọ́, ìyàwó ààrẹ ìgbà náà tó jẹ́ ọmọ Òwu l'Abẹ́òkúta, ti jáde láyé. Àárín ọjọ́ méjì ni ikú méjèèjì. Ẹni tó bá wà l'Abẹ́òkúta lọ́sẹ̀ yẹn, kò lè gbàgbé. Ọmọkùnrin ìyá yìí ò tíì lọ sí Zaria nígbà náà. Nígbà tó wá padà ní iṣẹ́ páílọ́ọ̀tì lòun fẹ́ẹ́ kọ́, odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìyá ẹ̀ ò fi bá a sọ̀rọ̀.

Ó di ọdún 2022, ọmọbìnrin tó wà ní London lóyún, oyún àkọ́kọ́ sì ni. Ìyá ọkọ ẹ̀ ti kú. Kò sẹ́ni tí yóò wẹ ọmọ fún un, kò sẹ́ni tí yóò jó o lómi gbígbóná. Wọ́n fi ìwé àṣẹ ìrìnnà ránṣẹ́, wọ́n sanwó bàálù, ìyá ní òun ò lọ. Ó ní òun á máa gbàdúrà láti Ìtòkú. Ọmọbìnrin náà sunkún lórí fóònù títí tí káàdì fi tán.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wálé. Kò bá ìyá ẹ̀ jà, kò sì pe pásítọ̀ kó wá bá a sọ̀rọ̀. Ó kàn jókòó tì í lẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n ń sá aṣọ sí, ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń bẹ̀rù gan-an?"

Ìyá ní, "Ọkọ mi, ilẹ̀ ni. Òkè kì í pa èèyàn. Ilẹ̀ tí bàálù ń já lé ló ń pa wọ́n."

Ọmọ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màámi, ilẹ̀ tẹ́ ẹ ń bẹ̀rù yẹn ló ń ràn wá lọ́wọ́ jù nígbà tá a bá ń gbéra àti nígbà tá a bá ń balẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ẹ́ tẹ́ ẹní, tẹ́ ẹ jù ú sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ṣé kíá ló máa ń lẹ̀ mọ́lẹ̀?"

Ìyá ní rárá, ó máa ń kọ́kọ́ dúró díẹ̀ ná, á fẹ́ eruku jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó tó wá balẹ̀.

Ọmọ ní ohun tó ń ṣe bàálù náà nìyẹn. Ground effect làwọn òyìnbó ń pè é. Ẹni tó bá pè é ní àtìlẹ́yìn ilẹ̀ ò ṣì í pè. Ṣùgbọ́n ó ní ti ẹní yẹn ò tíì tán ọ̀rọ̀ náà. Apá bàálù ló ń gbé e, bó ṣe ń sáré lọ ló ń ti atẹ́gùn sísàlẹ̀, atẹ́gùn náà sì ń gbé e sókè. Atẹ́gùn abẹ́ apá wá le ju ti orí apá lọ, ó sì ń wá ibi tí yóò gbà yọ. Ṣóńṣó apá ló ti ń rí àyè, ibẹ̀ ló ti ń yọ sókè, tó ń yí po bí ìjì kékeré. Ìjì kékeré yẹn ló ń fa bàálù sẹ́yìn, tí ẹ́ńjìnnì fi ń ṣe làálàá. Bó bá wá sún mọ́ ilẹ̀, ìjì náà ò ráyè yí dáadáa mọ́, ilẹ̀ ti dí i lọ́nà. Ìfàsẹ́yìn ẹ̀ á dín kù, ara bàálù á fúyẹ́ lójijì, bí ìgbà tẹ́nì kan bá ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹrù orí ẹni.

Wọ́n ti wọ̀n ọ́n, kì í ṣe àbá. Bí apá bàálù bá ga kúrò nílẹ̀ tó bí apá náà ṣe gùn láti ṣóńṣó kan dé ìkejì, irú ìfàsẹ́yìn yìí ò dín ju ìdá kan àti díẹ̀ nínú 100 lọ, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ ọ́n. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ tó ku ìdá mẹ́rin gígùn náà, ó ti dín ní nǹkan bíi 23 nínú 100. Bó bá wá ku ìdá mẹ́wàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ààbọ̀, nǹkan bíi 48 nínú 100. Apá Boeing 737-800 tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa gùn ní nǹkan bíi mítà 35. Ìyẹn ni pé bí apá ẹ̀ bá ku mítà 9 sílẹ̀, ilẹ̀ ti ń gbé e dáadáa. Bó bá ku mítà mẹ́ta ààbọ̀, ó ti dà bíi pé ó jókòó sórí tìmùtìmù.

Àwọn ẹyẹ ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ẹyẹ ńlá apẹja nì, èyí tí àpò wà lábẹ́ àgógó ẹ̀, ó máa ń fò lójú omi débi pé apá ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi, á na apá sílẹ̀, á máa lọ láì jù ú. Kì í ṣe pé ó rẹ̀ ẹ́ o, omi ló ń gbé e. Àwọn ará Rọ́ṣíà náà wò ó, wọ́n ní àwọn ò ní í fi ọgbọ́n yẹn sílẹ̀ fún ẹyẹ nìkan. Ọ̀gbẹ́ni Alexeyev kan báyìí níbẹ̀ ṣe ọkọ̀ ràbàtà kan tó gùn ju mítà 90 lọ, wọ́n kọ́kọ́ fò ó lọ́dún 1966 lórí òkun Caspian. Kò ga lókè bíi bàálù, ojú omi ló ń fò lé lórí. Nígbà táwọn Amẹ́ríkà rí fọ́tò ẹ̀ láti òfurufú, ẹnu yà wọ́n, wọ́n sọ ọ́ ní ẹ̀rùjẹ̀jẹ̀ òkun Caspian.

Ìyá gbọ́ gbogbo ẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Bílẹ̀ bá ń ràn yín lọ́wọ́ tó báyìí, kí ló wá ń pa wọ́n?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ni ọmọ ń retí. Ó ní, "Màámi, ìrànlọ́wọ́ ilẹ̀ kì í bá èèyàn dókè."

Ó ní tí bàálù bá ń sáré n'Íkẹjà, tó fẹ́ẹ́ gbéra, ilẹ̀ lè gbé e kúrò nílẹ̀ nígbà tí eré ẹ̀ ò tíì tó. Táyà á kúrò nílẹ̀, àwọn èrò á ní àwọn ti fò. Irọ́ ni. Ilẹ̀ ló ń gbé e. Páílọ́ọ̀tì tó bá rò pé ó ti tán, tó gbé imú ẹ̀ sókè gan-an láti máa gun òkè, bó bá ti jáde kúrò níbi tí ọwọ́ ilẹ̀ mọ, ìfàsẹ́yìn tó ti dín kù á padà wá lẹ́ẹ̀kan náà. Bí eré ò bá tó, apá ò ní í lè gbé e mọ́, á sì já. Ìdí nìyí táwọn tó mọṣẹ́ fi ń dúró kí eré pé kí wọ́n tó gbé imú sókè. Tó bá jẹ́ bàálù kékeré tó gbéra lórí ilẹ̀ rírọ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fò ó nílẹ̀ nílẹ̀, kó sáré dáadáa, kí wọ́n tó jẹ́ kó gòkè.

Ohun méjì ló ń mú un burú sí i. Àkọ́kọ́ ni oòrùn: atẹ́gùn gbígbóná fẹ́lẹ́, apá ò rí nǹkan gidi tì, ẹ́ńjìnnì náà ò sì lágbára bíi ti òwúrọ̀. Èkejì ni ẹrù. Bàálù tí ẹrù ẹ̀ pọ̀ ju ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ lè kúrò nílẹ̀ kó má sì lè gòkè. Ibẹ̀ lọmọ ti yíjú sí ẹrù tí ìyá máa ń dì ránṣẹ́ sí London, ẹrù tí wọ́n bá kọ ogún kílò sára ẹ̀, tó sì ń lọ sí bí ọgbọ̀n nítorí wọ́n ti bá ẹni tó ń wọ̀n ọ́n sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ ò ra ojú rere, Màámi. Irọ́ lẹ ń pa fún páílọ́ọ̀tì. Ohun tí wọ́n bá kọ síwájú mi ni mo fi ń ṣírò eré." Ìyá ò fèsì.

Kò sí bí wọ́n ṣe máa sọ ti ìgbéra nílẹ̀ yìí tí wọn ò ní í rántí bàálù Associated Airlines. Ọjọ́ 3, oṣù kẹwàá, ọdún 2013 ni. Òkú Dókítà Olúṣẹ́gun Agagu, gómìnà Oǹdó tẹ́lẹ̀, ló ń gbé lọ sí Àkúrẹ́, èèyàn 20 ló sì wà nínú ẹ̀. Ó gbéra, kò lè gòkè, ó já nítòsí pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kú. Àwọn tó ṣèwádìí ẹ̀ ní àpẹẹrẹ ti wà látìgbà tó ti ń sáré nílẹ̀ pé abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì kan ò yí bó ṣe yẹ, àwọn tó ń wà á ò sì dá a dúró. Pé ó kúrò nílẹ̀ ò sọ pé ó lágbára àtilọ.

Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé Nàìjíríà nìkan nirú ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀ o. Lọ́jọ́ 2, oṣù kẹrin, ọdún 2011, àwọn ọ̀jẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa dán bàálù tuntun wò ń dán Gulfstream G650 wò ní Roswell, l'Amẹ́ríkà. Wọ́n ti ṣírò ìwọ̀n tí wọ́n lè gbé imú ẹ̀ sókè dé. Àṣìṣe wà nínú ìṣirò náà: nítòsí ilẹ̀, apá máa ń tètè dẹwọ́ ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Apá ọ̀tún dẹwọ́, bàálù gbá ilẹ̀, ó gbiná, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nínú ẹ̀ ló kú. Ilẹ̀ tó ń fúnni lọ́wọ́ kan, ó ń gba nǹkan mí-ìn lọ́wọ́ ẹni.

Ìyá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Ọmọ yẹn gan-an nìyẹn." Ọmọṣẹ́ ẹ̀ kan ló ń wí. Ọmọ náà kọ́ṣẹ́ ọdún kan péré, ó ní òun ti mọ̀ ọ́n, ó gba ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ọjà ń tà wàràwàrà. Aró ìyá ló ń bù, oníbàárà tí kò bá ìyá ní ṣọ́ọ̀bù ló ń yà sọ́dọ̀ ẹ̀, bó bá jẹ gbèsè aṣọ funfun, orúkọ ìyá ni wọ́n ń wò tí wọn ò fi yọ ọ́ lẹ́nu. Ó rò pé òun ti fò. Ló bá kó lọ sí Èkó, ó gba ṣọ́ọ̀bù olówó ńlá. Kò pé oṣù mẹ́rin tó fi wọ gbèsè, tó sì ta gbogbo ohun tó ní. Ìyá ní, "Mo ti ń sọ pé ayé ló ṣe é. Àṣé ilẹ̀ ló gbé e, kò mọ̀."

Ọmọ wá bọ́ sórí ti ìbalẹ̀. Ó ní níbẹ̀, ọ̀rọ̀ á yí padà: ilẹ̀ tó gbé bàálù nígbà tó ń lọ, ò tún ní í fẹ́ kó jókòó nígbà tó bá dé. Bàálù tó bá ń balẹ̀ gbọ́dọ̀ gba orí ìbẹ̀rẹ̀ ojú ọ̀nà kọjá ní nǹkan bíi mítà 15 sókè, pẹ̀lú eré tí kò lé, tí kò dín. Bí eré bá lé, á dé tòsí ilẹ̀, ìfàsẹ́yìn á dín kù, á wá máa léfòó lọ bí ẹní tó kọ̀ tí kò balẹ̀. Gbogbo ìgbà tó fi ń léfòó yẹn, ojú ọ̀nà ń tán lọ lábẹ́ ẹ̀. Èyí tó gùn jù n'Íkẹjà tó mítà 3,900, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìlú ló rí bẹ́ẹ̀, bí òjò bá sì ti rọ̀, bíréèkì kì í tètè mú. Lọ́jọ́ 20, oṣù kejì, ọdún 2018, bàálù Dana Air kan balẹ̀ sí Port Harcourt nínú òjò ńlá, kò rí ara ẹ̀ dá dúró, ó sáré kọjá òpin ojú ọ̀nà wọnú igbó. Ọlọ́run yọ wọ́n, ẹnì kankan ò kú.

"Kí wá ni kí páílọ́ọ̀tì ṣe tó bá rí i pé bàálù ò fẹ́ẹ́ jókòó?" Ìyá ló béèrè bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ní kó má fi agídí tì í mọ́lẹ̀. Kó fún ẹ́ńjìnnì lágbára, kó gòkè padà, kó yí po, kó tún bọ̀. Àwọn èrò á máa bú u pé kò mọṣẹ́, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló mọṣẹ́. Ó ní ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ẹ̀ ni agbára ẹ́ńjìnnì yẹn. Ó mẹ́nu ba bàálù Emirates kan, Boeing 777, tó fẹ́ẹ́ balẹ̀ ní Dubai lọ́jọ́ 3, oṣù kẹjọ, ọdún 2016, nínú ooru tó mú gan-an. Ó léfòó lọ jìnnà, táyà ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilẹ̀ ni wọ́n ní àwọn fẹ́ẹ́ gòkè padà. Wọ́n gbé imú ẹ̀ sókè, wọ́n ká táyà, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ò tíì ní agbára, wọn ò sì tètè mọ̀. Ó gòkè díẹ̀, ó padà wá fi ikùn balẹ̀, ó gbiná. Gbogbo àwọn 300 tó wà nínú ẹ̀ ló jáde láàyè, panápaná kan ló kú níbi tó ti ń ran àwọn èèyàn lọ́wọ́.

Ìyá ò sọ pé òun á lọ lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ kẹta ló pe ọmọ ẹ̀, ó ní kó wá bá òun wọn ẹrù. Wọ́n wọ̀n ọ́n: èlùbọ́, ẹ̀gúsí, ẹja gbígbẹ, àdìrẹ tí wọ́n máa fi pọn ọmọ. Ó lé ní kílò mọ́kànlá. Ìyá fúnra ẹ̀ ló kó ìdajì èlùbọ́ kúrò, ó ní kí wọ́n kọ iye tó jẹ́ gan-an sára ẹ̀.

Kò sí pápákọ̀ òfurufú l'Abẹ́òkúta. Èyí tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn kọ́, apá Rẹ́mọ ló wà, láàrin Ìlíṣàn àti Ìpẹru. Ìkẹjà ni wọ́n ti gbéra lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá di ìjókòó mú, ó gbọ́ tí táyà dákẹ́, kò dúpẹ́. Ó ń kà á nínú ara ẹ̀. Ìgbà tí iná Ìkẹjà ti kéré bí iná àtùpà ló tó mí kanlẹ̀.

Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n dé London? Atẹ́gùn ń jà. Bàálù sọ̀ kalẹ̀, ó kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ kó kan ilẹ̀, ó ń léfòó lọ, kò kàn án. Lójijì lẹ́ńjìnnì bú ramúramù, imú bàálù dìde, wọ́n tún forí lé òkè. Ariwo ta. "Jésù!" lọ́tùn-ún, "Yéè!" lósì. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù ń pariwo pé ta ló fún ọmọdé yìí ní bàálù wà. Ìyá àdìrẹ, tí kò wọ bàálù rí láyé ẹ̀, ló yíjú sí i. Ó ní, "Ẹ fara balẹ̀, ọmọ mi. Ilẹ̀ ò jẹ́ kó jókòó ni. Ó mọ̀ ọ́n ló ṣe lọ. Á tún bọ̀." Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n balẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ọmọbìnrin ẹ̀ bí ọkùnrin. Oṣù mẹ́ta ni ìyá lò níbẹ̀ kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀ n'Ítòkú. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ wọ bàálù lè gba ohun mẹ́ta gbọ́ lẹ́nu ẹ̀: kó sọ òótọ́ nípa ẹrù ẹ̀, kó má bú páílọ́ọ̀tì tó bá yí po, kó má sì máa kán an lójú pé ó pẹ́. A kì í kánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Ní ti àwọn ọmọṣẹ́ ẹ̀, ó ti fi òfin tuntun kan lélẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ti mọṣẹ́, tó fẹ́ẹ́ gba fíríìdọ́ọ̀mù, ìyá á kọ́kọ́ di àdìrẹ fún un, á ní kó lọ tà á n'Íbàdàn fún oṣù mẹ́ta, níbi tẹ́nikẹ́ni ò ti mọ orúkọ ìyá. Ẹni tó bá tà á tó padà wá pẹ̀lú owó, wọ́n á gbàdúrà fún un, wọ́n á se ìrẹsì, á máa lọ. Ẹni tí kò bá rí i tà, ìyá ò ní í bú u. Á kàn ní kó padà wá jókòó ti aró, eré ẹ̀ ò tíì tó.